Ṣíbí mẹ́rin, àwo kan: ta ló ni wọ́n, ìgbà wo sì ni wúrà dé ara wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọjà gbàǹjo kan ní apá Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo ra ṣíbí ńlá mẹ́rin àti àwo pẹrẹsẹ kan pọ̀. Gbogbo wọn ló ń tàn bíi wúrà. Wọ́n ṣe èso àjàrà àti èso píà sí inú àwọn ṣíbí náà. Òǹtẹ̀ tó wà lára wọn ni kìnnìún, orí ẹkùn tó dé adé, orí ọba, àti lẹ́tà: N ńlá lára ṣíbí, Q ńlá lára àwo. Òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe àwo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, S ìparí nìkan ni mo rí kà. Lẹ́yìn àwo, wọ́n fi nǹkan ṣóńṣó họ “No 7” àti “19=4”. Létí rẹ̀, asà kan wà tí wọ́n là sí méjì, adé kékeré tó ní bọ́ọ̀lù márùn-ún ló sì wà lókè asà náà. Ẹni tó tà á ní láti 1808 ni gbogbo rẹ̀ ti wà nínú ilé Earl kan, ìyẹn ìjòyè ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé Paul Storr, alágbẹ̀dẹ fàdákà tó lókìkí, ló ṣe àwo. Ṣé wúrà ni? Ṣé òótọ́ ni ìtàn yìí? Fàdákà ti ń yọjú létí àwo. Ṣé kí n gbé e lọ fún ẹni tí yóò tún un bò?

ÌDÁHÙN

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé àwo yẹn fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá tún wúrà bò ó lónìí, ẹ̀rí tí a fẹ́ fi dáhùn ìbéèrè yín yòókù lè bá a lọ.

Wúrà kọ́ ni. Fàdákà ni, tí wọ́n fi wúrà tín-ínrín bò lójú. Kìnnìún tó ń rìn yẹn ni ẹlẹ́rìí: láti 1544 ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ sára fàdákà ní London, ohun tó sì ń sọ lára tiyín ni pé nínú ìdá 1000, ìdá 925 jẹ́ fàdákà, bàbà ló sì pọ̀ jù nínú ìyókù. Kò sọ ohunkóhun nípa wúrà. Bí ẹ bá gbé e lọ fún àwọn tó ń ra wúrà àlòkù, owó fàdákà ni wọ́n máa san, wọ́n sì lè ti fi òkúta ìdánwò họ ọ́ kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ẹ má gbà fún wọn.

Ní ti ìtàn náà, ibi tó ti wọ́ ni pé ẹni tó tà á fi ọdún kan ṣoṣo bo nǹkan mẹ́ta mọ́lẹ̀. Ọdún tí wọ́n rọ fàdákà, ọdún tí wọ́n bò ó ní wúrà, àti ọdún tí wọ́n fín àmì ìdílé sí i lè fi 50 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà síra. Òǹtẹ̀ ń dáhùn ti àkọ́kọ́ nìkan. Méjì tó kù, ojú àti ọwọ́ la fi ń wá wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ti òǹtẹ̀. Orí ẹkùn tó dé adé, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí, ti London ni. Lẹ́tà ń yí padà lọ́dọọdún, nínú oṣù Karùn-ún, kì í ṣe oṣù Kíní. Nítorí náà N ńlá bẹ̀rẹ̀ ní 1808 ó sì wọ 1809, Q ńlá bẹ̀rẹ̀ ní 1811 ó sì wọ 1812. Lẹ́tà 20 ni London ń lò ní ìpele kan, láti A dé U, wọ́n sì máa ń fo J. Bí wọ́n bá dé òpin, wọ́n á pààrọ̀ bí lẹ́tà ṣe rí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ wo ìrísí lẹ́tà, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan: n kékeré lè jẹ́ ti 1788, ó sì lè jẹ́ ti 1828. Adé orí ẹkùn ló ń yanjú irú ìyẹn, torí pé ní nǹkan bí 1821 sí 1822 ni wọ́n ṣí adé kúrò lórí rẹ̀. Orí ọba ń jẹ́rìí pé wọ́n ti san owó orí ìjọba lórí fàdákà náà. Ó wà láti oṣù Kejìlá 1784 títí dé oṣù Kẹrin 1890. Tiyín bára mu látòkè délẹ̀. Fàdákà ṣíbí jẹ́ ti 1808, ti àwo jẹ́ ti 1811.

Wàyí o, ṣíbí. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ kọ ọ̀pá rẹ̀ sí ara yín, ẹ wo ẹnu rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣíbí tí wọ́n ti fi jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún máa ń jẹ níbi ẹnu, apá òsì ló sì máa ń jẹ jù, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ha ìdí abọ́. Bí ẹnu ṣíbí yín bá ti jẹ báyìí, àmọ́ tí hóró àjàrà inú rẹ̀ ṣì dúró ṣinṣin, tí etí ewé rẹ̀ ṣì mú, a jẹ́ pé ṣíbí ti gbó kí èso tó dé. Ẹ yí i dé: ohun tó wú nínú ló jin lẹ́yìn, ẹ ó sì rí ojú irin tí wọ́n fi lù ú láti ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá tún fín òdòdó sára ọ̀pá, ẹ wò ó bóyá ó gba orí òǹtẹ̀ tàbí orí àmì àtijọ́ kan kọjá. Òdòdó tí wọ́n fín ní 1808 kò ní ìdí láti gun orí àmì ẹni tó ra ṣíbí tuntun.

Ọjà kan tó gbilẹ̀ nígbà ayé Ọbabìnrin Victoria nìyẹn. Ṣíbí ìjẹun lásán, gígùn bíi 22 sẹ̀ǹtímítà, ìwúwo bíi 60 gíráàmù, ti kúrò nínú àṣà. Oníṣòwò á kó wọn jọ, á ní kí wọ́n lu èso sí i, á bo inú rẹ̀ ní wúrà, á tò wọ́n ní méjì-méjì tàbí mẹ́rin-mẹ́rin sínú àpótí tí wọ́n fi fẹ́lífẹ́ẹ̀tì tẹ́, ó ti di ẹ̀bùn ìgbéyàwó nìyẹn. Kì í ṣe ayédèrú, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń tà á bá sọ pé iṣẹ́ ara rẹ̀ dé lẹ́yìn. Ohun tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1973 lórí òǹtẹ̀ ń lépa ni irú àyípadà tó sọ nǹkan di nǹkan mìíràn, bí ife ọtí tí wọ́n so ẹnu mọ́ kó lè di jọ́ọ̀gì, tí apá tuntun náà kò sì ní òǹtẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ní Earl kan fi ṣíbí wọ̀nyí bu èso ní 1808, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ máa lọ. Àwọn tó ń ṣa ṣíbí ayé àwọn ọba George jọ kì í fẹ́ wọn rárá, nítorí lílù yẹn ti ba ìrísí àkọ́kọ́ jẹ́.

Àwo ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ní ilé àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, fàdákà funfun ni wọ́n sábà fi ń jẹ ẹran àti ẹja. Bó bá di ti èso àti nǹkan dídùn níkẹyìn, wọ́n á palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́, wọ́n á ká aṣọ tábìlì pàápàá kúrò, kí wọ́n tó gbé èyí tó ní wúrà wá. Fáàrí wà níbẹ̀, àmọ́ ìdí gidi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Omi kíkan inú ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó ń fi àpá sára fàdákà, ó sì ń ba irin ọ̀bẹ jẹ́ kíá. Iyọ̀ ń jẹ fàdákà títí yóò fi lu ihò dúdú wẹ́wẹ́ sí i. Sọ́fọ̀ (imí ọjọ́) inú ẹyin ń sọ ọ́ di dúdú. Wúrà kò mọ̀ wọ́n lára. Ìdí nìyẹn tí inú abọ́ iyọ̀ àti ẹnu ṣíbí ẹyin fi máa ń ní wúrà nígbà tí ìyókù ara wọn funfun.

Àwo 1811 tó ní wúrà ló jẹ́ kí ẹni tó tà á dárúkọ Paul Storr. Storr, tí wọ́n bí ní 1771 tó sì kú ní 1844, ló ń darí ibi iṣẹ́ fún Rundell, Bridge & Rundell, àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ọba, ní àkókò yẹn gan-an. Ọdún 1811 náà ni ilé iṣẹ́ yìí kó ìpín ńlá kan lára ohun èlò tábìlì tí wọ́n ń pè ní Grand Service fún ọmọ ọba tó wá di George IV. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lé ní 4,000, wọ́n sì ṣì ń tò ó sórí tábìlì lónìí bí ọba bá ń ṣe àsè fún olórí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ẹ wá rí i bí ó ṣe rọrùn tó láti fi orúkọ Storr ta nǹkan. Àmọ́ S kan ṣoṣo kò tó. Benjamin Smith ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kan náà, S ni lẹ́tà tirẹ̀ náà parí sí, alágbẹ̀dẹ mìíràn tó ní S ní London sì pọ̀ jaburata. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: “London, 1811, a kò rí òǹtẹ̀ ẹni tó ṣe é kà.” Kò sí àbùkù nínú ìyẹn.

Ẹ gbé àwo náà sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù. “19=4” ni ìwúwo rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n họ ọ́: ọ́ǹsì 19 àti pennyweight 4, irú ọ́ǹsì tí wọ́n fi ń wọn wúrà, tí ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 31.1. Pennyweight 20 ló wà nínú ọ́ǹsì kan, nítorí náà 19=4 jẹ́ ọ́ǹsì 19.2, ìyẹn bíi gíráàmù 597. Bí òṣùwọ̀n bá sọ 585 tàbí 590, nínù àti fífọ̀ igba ọdún ló jẹ ìyókù, kò sí wàhálà. Bó bá sọ 560 tàbí kó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n ti yọ nǹkan lára rẹ̀: ó lè jẹ́ pé wọ́n ha àmì àtijọ́ kúrò, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n gé etí rẹ̀ tó ti ya. Bó bá wá wúwo ju 597 lọ, wúrà tí wọ́n bò lẹ́yìn lè fi gíráàmù díẹ̀ kún un. Bó bá ju díẹ̀ lọ, wọ́n ti fi fàdákà mìíràn kún un tàbí kó jẹ́ pé wọ́n fi òjé dí ojú ibi tó bàjẹ́.

Lẹ́yìn náà, etí àwo níbi tí asà wà. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là mú un, ẹ rọra fà wọ́n yí etí náà ká. Bí ó bá tín-ínrín sí i lábẹ́ asà yìí ju ibòmíràn lọ, wọ́n ti pa àmì kan rẹ́ kí wọ́n tó fín èyí. Ẹ kọ ọ́ sí ojú fèrèsé ní ìdábùú, kí ìmọ́lẹ̀ gba ojú rẹ̀ kọjá: ibi tí wọ́n bá ti ha máa ń jin díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á sì ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ mí sí i. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí èémí bá fi bò ó, ojú ìlà àtijọ́ tàbí ibi tí wọ́n jó pọ̀ lè yọ.

Ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù lọ kù, òun náà ni kò ní ṣeé ṣe mọ́ bí ẹ bá tún wúrà bò ó. Ẹ lo awò kékeré tí àwọn oníṣẹ́ aago ń fi sójú, èyí tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ojú ìlà tí wọ́n fín asà náà. Bí ìsàlẹ̀ ìlà bá jẹ́ fàdákà, funfun tàbí dúdú tí wúrà kò dé, ọ̀bẹ afín-nǹkan ló la wúrà kọjá: wúrà ti wà níbẹ̀ kí àmì ìdílé tó dé. Bí wúrà bá kún inú ìlà náà lọ́gbọọgba, wọ́n fín àmì kí wọ́n tó bò ó, tàbí kí wọ́n tún un bò lẹ́yìn. Wúrà tó wà nínú òǹtẹ̀ kò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ fún wa, nítorí pé wọ́n máa ń tẹ òǹtẹ̀ kí wọ́n tó bo nǹkan ní wúrà. Èèyàn máa ń ṣì í kà.

Ní 1811, iná ni wọ́n fi ń bò ó. Wọ́n á po wúrà mọ́ mẹ́kúrì, nǹkan bí ìdá 1 wúrà sí ìdá 8 mẹ́kúrì, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kun fàdákà tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n á gbé e sórí èédú. Mẹ́kúrì á fẹ́ lọ, wúrà á mú fàdákà. Wọ́n á wá fi òkúta ágéètì nù ún lọ nù ún bọ̀ tagbáratagbára kó lè dán. Mẹ́kúrì tó ń fẹ́ lọ yẹn ni àwọn oníṣẹ́ ń fà símú. Ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n, eyín wọn á máa jábọ́. Ní 1840, Elkington ní Birmingham gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà oníná mànàmáná, ọ̀nà àtijọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀. Wúrà ti mẹ́kúrì sábà máa ń nípọn, àwọ̀ rẹ̀ máa ń móoru, ó sì ń ṣá díẹ̀díẹ̀ níbi tó yọ sókè. Ti iná mànàmáná máa ń dọ́gba kárí, ó tín-ínrín, ó sì wọ gbogbo kọ̀rọ̀ bákan náà. Inú ṣíbí yín ni kí ẹ fi wé àwo yín, ẹ ó rí ìyàtọ̀.

Ṣé ẹ ti wá rí ìdí tí mo fi ní kí ẹ má tún un bò? Ẹni tí yóò bò ó á kọ́kọ́ nù ún gan-an. Ìnù yẹn á jẹ ojú asà àti òǹtẹ̀. Wúrà tuntun á wọ inú gbogbo ìlà, a kò sì ní mọ èwo ló ṣáájú mọ́. Fàdákà tó ń yọjú létí àwo kì í ṣe àìsàn. Ibi tí ọwọ́ àwọn ìránṣẹ́ ti ń gbá a mú ni.

Ta wá ni Earl náà? Bọ́ọ̀lù márùn-ún tó dúró lórí ọ̀pá gígùn, tí ewé kéékèèké wà láàárín wọn, Earl ni lóòótọ́. Ní ti ipò ìjòyè yòókù, tó bá jẹ́ Duke, ewé márùn-ún lẹ ó rí. Tó bá jẹ́ Marquess, ewé mẹ́ta àti bọ́ọ̀lù méjì. Viscount ní bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án tó tò mọ́ra lórí etí adé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn afín-nǹkan máa ń dín in kù. Baron ní mẹ́rin. Ṣùgbọ́n adé kò dárúkọ. Asà tí wọ́n là sí méjì yẹn ló máa dárúkọ: apá òsì bí ẹ ṣe ń wò ó jẹ́ ti ọkọ, apá ọ̀tún jẹ́ ti ìdílé ìyàwó. Ìgbéyàwó kan ni ẹ ń wá, kì í ṣe ìdílé kan, ìyẹn sì ń dín iṣẹ́ kù gidigidi. Ẹ ka àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé ìlà ni wọ́n fi ń kọ àwọ̀ sára fàdákà: tó-tò-tó kéékèèké ni wúrà, òfìfo ni fàdákà, ìlà òòró ni pupa, ìlà ìbú ni búlúù, ìlà tó gbá ara wọn kọjá ni dúdú, ìlà ìdagun láti òkè òsì sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún lójú yín ni àwọ̀ ewé. Ẹ ya fọ́tò tó mọ́lẹ̀, ẹ kọ gbogbo èyí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó kọ̀wé sí College of Arms ní London, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àmì ìdílé. Wọ́n ń gbowó, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn.

Bí orúkọ bá jáde, ọdún ìgbéyàwó ló kàn. Tí wọ́n bá ṣègbéyàwó ní 1810 tàbí 1811, ó ṣeé ṣe kí àwo jẹ́ tiwọn látọjọ́ àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ 1835, a jẹ́ pé ẹlòmíràn ló kọ́kọ́ ni ín. “No 7” ló máa ràn yín lọ́wọ́ jù lọ níbí. Nínú irú àwo bẹ́ẹ̀, 24 tàbí 36 lápapọ̀, ìwúwo wọn kì í bá ara wọn mu délẹ̀, torí náà nọ́ńbà àti ìwúwo tí wọ́n họ pọ̀ ni ìwé ilé fi ń dá wọn mọ̀. Àwọn ìdílé ńlá ní ìwé àkọsílẹ̀ fàdákà wọn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wà ní ilé ìwé àkọsílẹ̀ agbègbè tí ilẹ̀ wọn wà. Ìwé ìhágún àwọn olówó títí di 1858 pọ̀ ní National Archives ní Kew. Bó bá jẹ́ ilé ìtajà Garrard ni wọ́n ti rà á, ìwé ìṣirò ilé náà wà lọ́dọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert.

Bí àwo kan ṣoṣo ṣe dé ọjà gbàǹjo kò yẹ kó ya yín lẹ́nu. Títí di 1882, ọ̀pọ̀ irú nǹkan báyìí wà nínú ogún tí wọ́n dè mọ́ ilẹ̀, ẹni tó jogún kò lè tà á bó ṣe wù ú. Òfin ọdún yẹn gbà á láyè pẹ̀lú àṣẹ ilé ẹjọ́. Owó oko ti wọlẹ̀, owó orí lórí ogún tún dé ní 1894, ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àpótí.

Ọ̀rọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, torí mo mọ̀ pé ẹ ó tún padà sí ọjà yẹn: bí ẹ bá rí àmì ọba Gẹ̀ẹ́sì lára àwo, ẹ má sáré sọ pé ọba ló ni ín. Láyé àtijọ́, ìjọba máa ń fún aṣojú rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè ní fàdákà, ọ́ǹsì 5,893 funfun àti 1,066 tó ní wúrà, àmì ọba á sì wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò dá a padà. Bákan náà ni Olórí Ilé Aṣòfin. Irú fàdákà bẹ́ẹ̀ tí Sir John Cust, ọ̀kan lára àwọn Olórí Ilé náà, gbà ṣì wà ní Belton House ní Lincolnshire.

Ní ti fífọ̀: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ abọ́ díẹ̀, òwú tàbí aṣọ rírọ̀, ẹ ṣàn án, ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ omi kúrò. Ẹ má lo pọ́líìṣì fàdákà, omi kẹ́míkà tí wọ́n ń ri fàdákà bọ̀, sódà pẹ̀lú fóìlì, tàbí ẹ̀rọ ìfọbọ́. Fún ìpamọ́, ìwé tíṣù tí kò ní ásíìdì ni. Kì í ṣe ìwé ìròyìn, kì í sì í ṣe rọ́bà, torí sọ́fọ̀ inú rọ́bà ń gba ojú wúrà tín-ínrín wọlé sára fàdákà. Àwo ẹ lè gbé sórí pẹpẹ. Ṣíbí, ẹ máa fi bu èso jẹ, ìyẹn ni wọ́n ṣe tún wọn ṣe fún; kí ẹ ṣáà fọ̀ wọ́n kí ẹ tó sùn.